Katakata kékeré àbí ńlá? Ẹ ka iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó ka owó

Ẹ kú oko o, ẹ̀yin ará ilé wa, òkun o. Láti bí oṣù mẹ́ta síbí, ó ti tó èèyàn mẹ́rin tó pè mí lórí fóònù, méjì ń gbé Èkó, ọ̀kan wà l'Ábùjá, ẹnì kẹrin wà nílé ní Ìyàrá níbí, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra katakata, ṣé kí n ra kékeré ni àbí kí n kúkú ra ńlá lẹ́ẹ̀kan náà kí n sinmi?" Ọ̀rọ̀ "kí n sinmi" yẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, torí èmi náà sọ ọ́ rí, mo lọ ra Massey 375 tòkunbọ̀, 75 HP (HP ni ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì), mi ò sì sinmi fún ọdún méjì gbáko.

Oko mi wà lápá Ẹ̀kìnrìn-Adé, n'Íjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Hẹ́kítà 6 jẹ́ kajú tó ti ń so, hẹ́kítà 4 jẹ́ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, àkùrọ̀ bíńtín wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Ọjọ́ tí katakata yẹn dé, gbogbo ọmọdé àdúgbò ló sáré tẹ̀ lé e wọ oko, orí mi wú. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ó kọ hẹ́kítà 4 yẹn láàárín ọjọ́ méjì, ó tán. Ó tán nìyẹn o. Ó wá ku iṣẹ́ abẹ́ kajú, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbówó lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún. A wakọ̀ wọbẹ̀, páìpù èéfín tó nàró sókè níwájú yẹn gbá ẹ̀ka kajú àkọ́kọ́, ó tẹ̀, a ní kò burú, a fi òòlù lù ú padà, ẹ̀ka kejì wá já fìlà gbà lórí dírẹ́fà, ó sì ha á lójú, ló bá sọ̀ kalẹ̀, ó ní ọ̀gá, ẹ wá ẹlòmíì. Bí a ṣe gbé katakata 75 HP sábẹ́ igi igbá nìyẹn, tí mo tún ń sanwó fún alágbàṣe mẹ́jọ kí wọ́n wá fi àdá ṣán abẹ́ kajú.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo ń sọ fáwọn tó ń pè mí: kì í ṣe bí ilẹ̀ yín ṣe tóbi tó ló máa yan katakata fún yín, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò rí ẹni bá yín ṣe lásìkò tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ ló máa yan án. Èyí tẹ́ ẹ bá rí háyà fún, ẹ háyà. Èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wá ṣe é, òun ni kẹ́ ẹ rà á sí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wọn ilẹ̀ náà ná. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ ti mọ̀ ọ́n, bàbá yín ló sọ pé láti ibi àpáta yẹn dé odò ni tiwa. Ẹ gbé fóònù dání, ẹ wa áàpù tó ń wọn ilẹ̀ sórí ẹ̀, ẹ rìn ín yí ká lẹ́sẹ̀. Hẹ́kítà kan jẹ́ éékà 2.47, ẹ fi sọ́kàn torí àwọn oníháyà éékà ni wọ́n máa ń fi ń dá owó lé e, àwọn ìwé ẹ̀rọ sì jẹ́ hẹ́kítà, wọ́n á fi da orí yín rú. Tẹ́ ẹ bá rìn ín tán, ẹ yọ ibi àpáta kúrò, ẹ yọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kúrò, ẹ yọ igbó tí bàbá àgbà ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn, ẹ yọ ibi tí igi tó ń mówó wọlé bíi kajú ti wà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ilẹ̀ tí katakata lè kọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó pè mí láti Èkó sọ pé hẹ́kítà 20 lòun ní, a rìn ín lọ́jọ́ Sátidé kan, èyí tí pláù, irin tí katakata fi ń kọ ilẹ̀, lè wọ̀ níbẹ̀ ò ju 7 lọ. Ilẹ̀ tiwa nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, láti Kàbbà títí dé Ògìdì òkúta ni, nǹkan bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ẹ ti kan yangí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú bébà, ẹ kọ iṣẹ́ ọdún kan sílẹ̀ lóṣooṣù. Tèmi rí báyìí: oṣù kẹta sí ìkẹrin, kíkọ ilẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, ká tún fi hárò fọ́ ọ, ká kọ ebè. Oṣù kejì sí ìkẹrin kan náà ni kajú ń já bọ́, a gbọ́dọ̀ kó o jáde sójú títì. Oṣù keje sí ìkẹjọ, kíkọ ilẹ̀ fún àgbàdo ọwọ́ kejì. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ṣíṣán abẹ́ kajú àti ṣíṣí ọ̀nà iná yí oko ká kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀gẹ́ ní tiẹ̀, kò sí oṣù tá ò ní kó o. Níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹ kọ ọjọ́ mélòó ló ń gbà, ta ló ń ṣe é báyìí, ṣé ẹni yẹn máa ń dé nígbà tẹ́ ẹ bá pè é. Ibi ìkẹta yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní tèmi o, kíkọ ilẹ̀ ọjọ́ méjì péré ni, mo sì lè rí oníháyà láti Kàbbà, bó bá tiẹ̀ pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ṣíṣán abẹ́ kajú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, kò sì sí katakata kan tó fẹ́ wọbẹ̀, alágbàṣe náà ti di góòlù. Kíkó ẹrù oko, ó lé ní ọgọ́ta ọjọ́ lọ́dún. Ṣé ẹ rí i? Èmi lọ ra ẹ̀rọ ńlá nítorí iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kò le. Ẹ wo bí pláù ṣe fẹ̀ tó ní mítà, ẹ fi bí katakata ṣe ń sáré tó ní kìlómítà láàárín wákàtí kan ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, ẹ tún fi 0.7 sọ ọ́ di púpọ̀, torí kò sí katakata tó ń ṣiṣẹ́ láìyípo, láìdúró yọ igi tó há sínú pláù, láìjẹ́ pé dírẹ́fà sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi 10 pín in. Ohun tó bá jáde ni hẹ́kítà tó lè ṣe láàárín wákàtí kan. Pláù oní dísìkì 3 tí ẹ̀rọ 75 HP ń fà ń gé bíi 0.9 mítà, lórí ìsáré 5 ó máa jẹ́ 0.315, ẹ bá a ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, ẹ rí hẹ́kítà 2.5 lóòjọ́, ìyẹn éékà 6. Pláù oní dísìkì 2 tí ẹ̀rọ bíi 45 HP ń fà ń gé 0.6 mítà, 0.21 ló máa jáde, ìyẹn hẹ́kítà 1.7 lóòjọ́, éékà 4.

Ẹ wá fi sí oko hẹ́kítà 10. Ńlá á lo ọjọ́ 4, kékeré á lo ọjọ́ 6. Ọjọ́ méjì ni gbogbo ìyàtọ̀ o! Ọjọ́ méjì lọ́dún lẹ fẹ́ torí ẹ̀ kó owó tabua lé e. Àmọ́ ẹ fi sí oko hẹ́kítà 40, ńlá á lo ọjọ́ 16, kékeré á lo 24, nígbà tẹ́ ẹ bá wá rántí pé lásìkò òjò àkọ́kọ́ kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ilẹ̀ ń ṣe é kọ, lónìí ó gbẹ bí òkúta, lọ́la ó rẹ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ ò ní tíì parí tí asìkò àgbàdo á fi kọjá. Níbẹ̀ ni ńlá ti ń jẹ́ ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń dáko ní Bùnú, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀ tí kò sì sígi, àgbàdo àti ọkà bàbà lásán ló ń gbìn, hẹ́kítà tó lé ní 30, ó sì ń bá àwọn aládùúgbò kọ ilẹ̀ lẹ́yìn tiẹ̀. Tó bá pè mí pé kékeré tàbí ńlá, mi ò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí n tó ní ńlá.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé ńlá ń mu dísù ju kékeré lọ. Òótọ́ ni láàárín wákàtí, àmọ́ tó bá kan kíkọ ilẹ̀, ẹ wò ó ní hẹ́kítà. Èmi fúnra mi fi jálá wọ̀n ọ́n, ẹ kún tánkì fọ́fọ́ láàárọ̀, ẹ ṣiṣẹ́, ẹ tún kún un nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wo iye tó wọlé, ọ̀nà tó dáa jù nìyẹn. Massey ńlá mi yẹn ń mu bíi lítà 8 láàárín wákàtí kan bó bá ń kọ ilẹ̀, kékeré tí mo wá ń lò báyìí lẹ́yìn rẹ̀ ń mu bíi 5, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pín in sí hẹ́kítà, nǹkan bíi lítà 25 ni àwọn méjèèjì ń mu kí ilẹ̀ hẹ́kítà kan tó yí padà. Ilẹ̀ ló ń gba agbára yẹn, kò bìkítà ẹni tó ń fà á. Ibi tí ńlá ti ń jẹ owó yín ni tẹ́ ẹ bá gbé e ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 yẹn torí àpò kajú mẹ́jọ, kó lọ kó bọ̀, kó máa jó dísù lórí ìdúró nígbà tí wọ́n ń di ẹrù. Bíi kéèyàn gbé tírélà lọ ra ata ni.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ HP díẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn tó ń tà á ti ń fi ẹnu dídùn mú èèyàn. Iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Èyí tó dé ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní PTO, tó ń yí sílásà (irin tó ń ṣán koríko) àti ẹ̀rọ ìfọ́nká oògùn, kì í tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa yọ bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. 75 lè dà bíi 65, 45 lè dà bíi 38 sí 40. Èyí tó wá kan ilẹ̀ gan-an láti fi fa pláù tún kéré sí i, pàápàá tí ilẹ̀ bá rọ̀ tí táyà ń yọ̀. Dísìkì kan nínú pláù, ẹ bá mi fi 20 sí 25 HP sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ 35 HP òun á fa dísìkì 3 lórí ilẹ̀ yangí wa yìí, ẹ ní kó fà á lójú yín. Sílásà fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 5 ò ju bíi 25 sí 30 HP lọ, ìdí nìyẹn tí kékeré fi tó fún abẹ́ kajú.

Ẹ tún wo apá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn katakata tí wọ́n fi ń gbé irin iṣẹ́. Ìwọ̀n ẹ̀ yàtọ̀ síra, ti kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní Category 1, ihò ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ńrẹ́ ju ti Category 2 tó wà lára àwọn ńlá lọ. Mo rí ẹni tó ra katakata níbì kan tó ra pláù níbòmíràn, tó wá di pé píìnì ò wọ ihò, wọ́n ń wá wẹ́dà kiri Kàbbà. Ẹ ra wọn pa pọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé tépù lọ wọ̀n ọ́n.

Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, kùkùté. Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́, kò sí katakata kankan, ì báà ṣe ńlá, tó máa fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ńlá lè fi agbára tu ú. Ohun tí agbára ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí nǹkan tó máa kán kán lójijì, pláù tẹ̀, bẹ́rìn fọ́, ọwọ́ gígùn ya. Pláù oní dísìkì ṣì máa ń gun orí kùkùté kó sì bọ́ sílẹ̀ lódìkejì, ìyẹn ló fi dáa fún ilẹ̀ wa ju èyí tó dà bí ọkọ́ lọ. Kékeré ní tiẹ̀ máa kọ́kọ́ kú tàbí kí táyà rẹ̀ máa yípo lásán, ó sì dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí dírẹ́fà mọ̀ pé nǹkan wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà tó dáa jù ni kẹ́ ẹ sanwó fáwọn ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe kí wọ́n hú kùkùté lọ́dún àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó mú katakata wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì máa fi katakata fà á, okùn tàbí ṣéènì ò gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn ju ọ̀pá ìfà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn lọ. Ẹ má so ó mọ́ ọwọ́ òkè, ẹ má so ó mọ́ ásùlù, ìyẹn ọ̀pá tó gba àárín táyà ẹ̀yìn, iwájú katakata á gbéra sókè, á dojú délẹ̀ mọ́ dírẹ́fà lórí kí ó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá péré ni. Mi ò fi èyí ṣeré o. Bóyá kékeré ni tàbí ńlá, tó bá ní páìpù ìdáàbòbò tó yọ sókè lẹ́yìn ìjókòó pẹ̀lú bẹ́líìtì, ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé e kúrò. Tó bá jẹ́ èyí tó ṣe é tẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ bá wọ abẹ́ kajú, ẹ sì nà án padà tẹ́ ẹ bá jáde.

Lórí òkè, ńlá ló máa ń dúró dáadáa torí ó wúwo ó sì fẹ̀, kékeré tóóró ló máa ń ṣubú. Ẹ lè mú ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí i, rímù ẹ̀yìn ṣe é yí padà kí táyà bọ́ sóde, iwájú sì ní ihò tẹ́ ẹ lè fà á gùn. Àmọ́ ibi tó bá ti dà gẹ̀rẹ́ jù, ẹ fi sílẹ̀ fún kajú àti ọkọ́, ẹ má bá òkè Ògìdì jà.

Ìwọ̀n kan náà yẹn ló wá ń bá ńlá jà lójú àkùrọ̀. Massey bíi tèmi tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ láìtíì gbé pláù, kékeré 30 HP ò ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Mo gbé tèmi wọ àkùrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn òjò, mo ní ilẹ̀ ti gbẹ. Táyà ẹ̀yìn kọ́kọ́ wọlẹ̀ dé ìdajì, dírẹ́fà ní kí n fọkàn balẹ̀, ó tẹ iná sí i, ó wọlẹ̀ dé ásùlù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kànga. Ọjọ́ méjì la fi wà ńbẹ̀, pákó, òkúta, èèyàn mẹ́wàá. Ibi tó ti kọjá yẹn, títí di ọdún kejì, ìrẹsì ò hù dáadáa níbẹ̀, ilẹ̀ ti dì. Fún àkùrọ̀, ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní páwà tílà, 8 sí 15 HP, òun ló tọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ìrẹsì lápá Ejiba lójú omi dáàmù Kampe, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀wẹ̀, kékeré ló máa ń fúyẹ́ jù, táyà ẹ̀ á máa yọ̀. Kẹ́ ẹ tó ní kò lágbára, ẹ bu omi sínú táyà ẹ̀yìn, ẹ gbé fáàfù sókè pátápátá, ẹ bu ú títí omi á fi dé ojú fáàfù, kẹ́ ẹ wá fa afẹ́fẹ́ sí i. Táyà ńlá bíi ti Massey lè gba ju 200 lítà lọ, ìyẹn ju 200 kílò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, omi odò ni, ọ̀fẹ́ ni. Kékeré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà á máa ń ṣe ju bó ṣe rí lójú lọ, tówó bá wà ẹ má ra oní táyà méjì.

Ọ̀rọ̀ ebè náà ṣe pàtàkì fún ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti alágbàdo. Táyà gbọ́dọ̀ máa bọ́ sáàárín ebè, kó má gun orí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ebè ní 75 sẹ̀ǹtímítà síra wọn, àárín táyà sí táyà kó jẹ́ 1.5 mítà, tó bá jẹ́ 90, kó jẹ́ 1.8. Ńlá máa ń fẹ̀ dé ibẹ̀ wẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ kékeré ò lè dé 1.8, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ebè iṣu ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, katakata ò tíì kọ ebè iṣu tí bàbá mi máa fọwọ́ sí, ọkọ́ la ṣì ń lò.

Èyí tó tún ń kó bá àwọn ará ìlú ńlá tó bá ń ra katakata látòkèèrè ni ọ̀nà oko. Ẹ ti wò ó ṣé afárá onígi tó wà lórí odò kékeré yẹn lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti pláù? Ṣé ilé yín ní géètì tí katakata lè gbà wọlé lálẹ́? Torí bátìrì, ẹ̀yin èèyàn mi. Katakata tó bá sùn sóko, bátìrì rẹ̀ kì í sùn síbẹ̀. Ńlá tèmi ò lè wọ àgbàlá ilé, alaalẹ́ là ń tú bátìrì tá à ń gbé e lé ọ̀kadà. Kékeré tí mo ń lò báyìí, ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló ń sùn, adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀.

Sípíà pátì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Massey ní sípíà níbi gbogbo, mẹkáníìkì tó bá wà ní Kàbbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà á ti tú u rí. Àwọn kékeré tuntun láti Íńdíà àti Ṣáínà dáa, owó rẹ̀ rọjú, àmọ́ kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ kọ orúkọ fílítà, bẹ́líìtì àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sórí bébà, ẹ pe ẹni tó ń ta sípíà ní Kàbbà tàbí Ìlọrin, ẹ béèrè ṣé ó wà nílẹ̀ lónìí. Tó bá ní "a lè bá yín wá a", ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí kò ní tà fún yín, ibùdó ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ oko, NCAM, wà ní Ìdófìàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlọrin níhìn-ín, wọ́n ń dán ẹ̀rọ oko wò wọ́n sì ń kọ́ àwọn awakọ̀. Ẹ rán dírẹ́fà yín lọ kọ́ ọ, torí ohun tó ń pa katakata jù ni ẹni tó wà lórí ẹ̀.

Nísinsìnyí, ṣé ẹni tó ní hẹ́kítà 10 sí 20 tó dà pọ̀, kajú díẹ̀, ẹ̀gẹ́ díẹ̀, kò ní rí nǹkan rà ni? Bí èmi náà bá tún máa rà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi 40 sí 50 HP ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí wò, àwọn bíi Massey 240 àtijọ́ tàbí Mahindra 575, èyí tí kò ga jù. Ó lè fa dísìkì 2, ó lè fa ọmọlanke ńlá, ó lè yí sílásà, ẹ tẹ́ páìpù èéfín rẹ̀ sísàlẹ̀ kó lè wọ abẹ́ igi. Àmọ́ tí kajú bá jẹ́ ìdajì oko yín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé wọ́n gbìn ín sún mọ́ra ju mítà 8 lọ, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ sí 30 HP. Hẹ́kítà tó bá ti ju 30 lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò sígi níbẹ̀, ẹ lọ sí 75. Tó bá jẹ́ pé hẹ́kítà 5 sísàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, tí kò sì sí kajú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ háyà, ẹ fi owó yẹn hú kùkùté.

Àwọn kan ní àwọn máa ra ńlá, kí àwọn máa fi ṣe háyà fáwọn ẹlòmíì kówó ẹ̀ lè padà. Mo ṣe é. Ní oṣù kẹrin gbogbo èèyàn ló fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì jẹ́ ẹbí. Ọkọ àbúrò mi fẹ́, olórí ẹbí fẹ́, pásítọ̀ fẹ́, tó bá sì kan owó wọ́n á ní ṣebí a máa rí ẹ̀gẹ́ tà. Dírẹ́fà náà á máa kọ ilẹ̀ ẹlòmíì tí mi ò mọ̀ sí lọ́nà, òun àti dísù mi. Kí ẹ tó sọ pé háyà ló máa san án padà, ẹ wá ẹni tó máa jókòó ti katakata yẹn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ó máa kọ wákàtí tó wà lára mítà rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí kò bá sí ẹni yẹn, kò sí háyà yẹn.

Ọ̀nà iná, èyí ni mo fẹ́ràn jù láti fi kékeré ṣe. Tí òjò bá ti ń lọ, ní ìparí oṣù kẹwàá, kí koríko èèkan àti igbó akíntọ́lá tó gbẹ tán, mo máa ń fi sílásà yí oko kajú ká ní ìgbà méjì-mẹ́ta, lẹ́yìn náà mo á fi hárò kékeré tú ilẹ̀ ibẹ̀ títí tí yóò fi fẹ̀ tó mítà 6. Ọdún tí mo fi ńlá sábẹ́ igi igbá, mo jẹ́ kí alágbàṣe fi ọkọ́ ha ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, wọ́n gba owó wọn wọ́n lọ. Oṣù kìíní, ẹnì kan ń dẹ òkété lódìkejì odò. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé iná yẹn fò kọjá bí ẹni fo kòtò, kajú 140 ló jóná. Láti ìgbà tí mo ti ń lo kékeré, iná ti dé etí ilẹ̀ tí a tú yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá lọ wo tòkunbọ̀, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, kẹ́ ẹ lè gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jí. Ẹ gbé ọwọ́ lé e, tó bá ti gbóná, wọ́n ti ji í sílẹ̀ dè yín. Ẹ jẹ́ kó jí, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, tí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ bí ìkòkò ẹ̀kọ, sílíńdà ti jẹ. Ẹ ní kí wọ́n gbé pláù sókè, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ PTO sí i kẹ́ ẹ rí i kó yí. Ẹ di sitíárìn mú kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ wo bó ṣe ń ṣeré tó kí táyà tó dáhùn. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó fa tépù jáde, kẹ́ ẹ wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí páìpù èéfín, kẹ́ ẹ pe ẹni tó wà lóko pé kó wọn ẹ̀ka kajú tó kéré jù fún yín.